Tíkẹ́ẹ̀tì Tí Hermínio Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Rà

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Hermínio Garcez fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ní ìlú Fall River ní Amẹ́ríkà, kò sì pẹ́ dé ibùdó kankan rí. Jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ló ń lọ. Kò fẹ́ràn ariwo, kò fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ òun wà lẹ́nu ẹlòmíràn, kò sì sí ohun tó kórìíra tó kí ènìyàn dá a dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kó ní, "Hermínio, mo gbọ́ pé..." Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá fi "mo gbọ́ pé" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò tíì gbọ́ nǹkan kan, ó fẹ́ gbọ́ ni.

Ohun tí wọn kò sì tíì gbọ́ ní Fall River lọ́dún náà ni pé Hermínio ti rí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí Odília ìyàwó rẹ̀ ti kú. Zulmira lorúkọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ìlú Horta ló ń gbé, ní erékùṣù Faial láàárín òkun, níbi tí wọ́n ti bí àwọn méjèèjì. Bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí ní iléèwé, kí àwọn òbí Hermínio tó kó o wá sí Amẹ́ríkà nígbà tó di ọmọ ọdún méjìlá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kù sí Horta di olóògbé, fóònù rẹ̀ dún, ohùn obìnrin kan sì ní, "Mo bá ẹ kẹ́dùn. Èmi ni mo fi sílétì gbá ẹ lórí níjọ́sí tó o jẹ búrẹ́dì mi." Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí wọn kì í sọ̀rọ̀. Opó ni Zulmira náà. Aṣọ ìgbòkun ló ń rán fún àwọn tó ń tukọ̀ gba èbúté Horta kọjá, bó bá sì ń rẹ́rìn-ín, bí ìgbà tí agolo já lórí àjà ló ń dún.

"Ìwọ kì í ṣe rédíò o," ló sọ fún Hermínio lóṣù karùn-ún. "Ohùn nìkan ni mo ń gbọ́ láti ọdún kan ààbọ̀. Ṣé o ṣì ní ojú, àbí ohùn nìkan ló ṣẹ́ kù?"

"Mo ṣì ní ojú."

"Gbé e wá ká wò ó."

Hermínio rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀ tán, ó rí i pé òun ti gbà láti lọ. Ó ku bó ṣe máa ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní Fall River, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Faial tàbí àwọn erékùṣù tó yí i ká, ọ̀dọ̀ Dona Deolinda, ìyẹn Ìyáàfin Deolinda, ní òpópónà Columbia ló ń gbà lọ. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni obìnrin náà ti ń bá èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Ó mọ ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú, ó mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ jókòó nítòsí àna rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé kí ni èèyàn ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí fóònù wà lápò, àwọn àgbà kò sì dá wọn lóhùn. Kọfí wà níbẹ̀, àga mẹ́ta wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀.

Àga mẹ́ta yìí gan-an ni wàhálà Hermínio. Wọn kì í ṣófo. Bí Filomena, ìyàwó Amâncio olórí ẹgbẹ́ afunfèrè, kò bá sí lórí ọ̀kan, ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ fún Filomena yóò wà lórí òmíràn. Lọ́dún tó ṣáájú, Januário alápatà lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì Lisbon níbẹ̀. Méjì ló rà. Kó tó rìn dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀bẹ ìgéran, ó ń bi í pé ta ni ìkejì. Ẹ̀gbọ́n Januário ọkùnrin ni ìkejì, ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta kí obìnrin náà tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó bá fẹsẹ̀ rìn wọ ibẹ̀, ìyẹ́ ló fi ń fò jáde.

"Bí mo bá dárúkọ Horta níbẹ̀," ni Hermínio sọ fún ara rẹ̀, "wọ́n á ti bá mi yan aṣọ ìgbéyàwó kí n tó mu kọfí tán."

Bó ṣe gba ilé ìkàwé lọ nìyẹn, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, pẹ̀lú páásì rẹ̀ nínú àpò àyà àti káàdì báǹkì nínú ìbọ̀sẹ̀. Obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ bá a tan kọ̀ǹpútà, ó sì bi í pé ibo ló ń lọ kóun lè ràn án lọ́wọ́.

"Ibì kan," ni Hermínio dá a lóhùn.

Obìnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà sídìí ìwé rẹ̀.

Ìka kan ló fi tẹ gbogbo rẹ̀. Orúkọ mẹ́rin ló wà nínú páásì rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà sì ń kọ̀ ọ́ bí ẹni pé orúkọ ti pọ̀ jù fún ẹnì kan. Ó nù ún, ó tún un tẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ gbé àpò kejì, ó ní rárá. Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ yá mọ́tò, ó ní rárá. Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n dáàbò bo ìrìnàjò náà, ó ní Ọlọ́run á dáàbò bò ó. Ọkọ̀ méjì ló ní láti wọ̀: èyí tó tóbi láti Boston dé Ponta Delgada ní erékùṣù mìíràn, àti kékeré tó ń fò láti erékùṣù dé erékùṣù, tí yóò gbé e dé Faial. Ojú ewé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti rà wọ́n nítorí pé ó rí i pé ó dín díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó yàn ni ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ. Ó ní ìdí tó fi yàn án. Ẹgbẹ́ afunfèrè Fall River ń lọ fún ayẹyẹ ọ̀sẹ̀ òkun ní Horta lọ́dún náà, gbogbo wọn sì ń gbéra ní Ọjọ́bọ̀. Bó bá lọ lọ́jọ́ Ẹtì, ojú rẹ̀ àti tiwọn kò ní ṣe mẹ́rin lórí afẹ́fẹ́. Tí wọ́n bá sì dé Horta, ìlú ayẹyẹ ni, ó lè dọ́gbọ́n rìn lábẹ́ ògiri.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé ó kú oríire, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun gan-an ló kan ọkọ̀ òfurufú náà. Ó tẹ ìwé jáde, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú Bíbélì.

Natália ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ sọ fún, nítorí èèyàn ò lè ṣàdédé pòórá nílé. Ó ní òun ń lọ wo sàréè ẹ̀gbọ́n òun. Irọ́ kọ́ rárá, ó kàn kù díẹ̀ kó jẹ́ òótọ́ tán.

"Ẹ ti lọ sọ́dọ̀ Dona Deolinda nìyẹn?" ni Natália bi í.

"Mo ti rà á fúnra mi."

"Ẹ̀yin, Bàbá? Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ fóònù bí ẹni tó ń pa eèrà?"

"Eèrà náà kú ṣá," ni Hermínio sọ. "Mo ti rà á."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó."

"Kí lo fẹ́ wò lára rẹ̀? Ìwé ni."

Ní ọ̀sẹ̀ tó kù kó gbéra, ó ń kọjá ní òpópónà Columbia pẹ̀lú búrẹ́dì lábíyá, ó sì kan Deolinda lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń bomi rin òdòdó. Obìnrin náà ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Òun ló dúró gẹ́gẹ́ bí ìyá ìsàmì fún Natália.

"Hermínio, ọdún yìí o ò tíì wá sọ́dọ̀ mi."

"N ò ì tíì mọ bí ọdún yìí ṣe máa rí, Dona Deolinda."

"Oṣù kẹjọ la wà yìí. Kí ló kù tó o fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀?"

Hermínio ní búrẹ́dì òun ń tutù. Deolinda wo búrẹ́dì náà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì ń bomi rin òdòdó rẹ̀ lọ. Hermínio dé ilé, kò lè jẹun dáadáa. Èèyàn kì í fi ọgbọ̀n ọdún mu kọfí lọ́wọ́ ẹnì kan kó wá gba ẹ̀yìnkùlé sá fún un.

Ìrìnàjò ti Boston kò ní wàhálà kankan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló wọkọ̀, ó sùn díẹ̀, nígbà tó sì lajú, oòrùn ti ń yọ lórí òkun, àwọn pápá tútù Ponta Delgada sì wà nísàlẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fọ ojú rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù funfun tó ti lọ̀ pamọ́, ó pa irun rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú omi. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, ó lọ síwájú àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò fún ọkọ̀ kékeré. Ìlà gùn gan-an. Gbogbo ayé ló ń lọ sí Faial. Nígbà tó kàn án, obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà gba ìwé rẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò.

"Bàbá, ọkọ̀ yín ti lọ."

"Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Aago mẹ́sàn-án la wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ti àná ni."

Hermínio gba ìwé náà padà. Ọjọ́ Ẹtì ló wà lára rẹ̀ lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ló kúrò ní Boston, ọjọ́ Ẹtì náà ló sì yàn fún ọkọ̀ kejì. Kò wá sọ́kàn rẹ̀ rárá pé ẹni tó bá wọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó sùn lójú ọ̀run, ọ̀la ló máa bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ kékeré tó sanwó fún ń fò lọ sí Faial, òun ṣì wà nínú ilé rẹ̀ ní Fall River, ó ń kun bàtà.

"Ẹ fi mí sínú ti òní," ni ó sọ.

"Ó ti kún. Ọ̀sẹ̀ òkun ni. Ti ọ̀la náà kún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo lè rí àyè. Kí n kọ orúkọ yín mọ́ àwọn tó ń dúró, bóyá ẹnì kan ò ní wá?"

"Èèyàn mélòó ló ń dúró?"

"Mọ́kànlélógún."

Ó kọ ọ́ mọ́ wọn, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹlòmíràn lè rí ọ̀nà. Hermínio yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó jókòó pẹ̀lú ẹ̀wù funfun rẹ̀. Ní aago méjìlá, Zulmira yóò wà ní pápá ọkọ̀ òfurufú Faial: ó ti gbọ́ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Hermínio ń kúrò ní Boston, ó sì ti ṣírò ìyókù fúnra rẹ̀. Ó mú fóònù jáde lẹ́ẹ̀mẹta láti pè é, ó dá a padà sápò lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ló fẹ́ sọ? Pé òun tí òun kó ọmọ ẹlòmíràn dé iléèwé lásìkò fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, òun fi odidi ọjọ́ kan pẹ́? Ó ro ti Natália. Natália á ní kí ló dé tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò ṣe dára, ṣé sàréè ń lọ síbì kan ni?

Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí méjì. Ìtìjú lágbára, ṣùgbọ́n kò lágbára tó ọkùnrin tó fẹ́ rí obìnrin kan. Nígbà tí agogo pápá ọkọ̀ lu mọ́kànlá, tó jẹ́ aago méje òwúrọ̀ ní Fall River, ó tẹ nọ́ńbà kan tí kò nílò kó wò ó níbì kankan. Orí ló ti mọ̀ ọ́n láti ọgbọ̀n ọdún.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Dona Deolinda. Hermínio."

"Ibo lo wà? Mo ń gbọ́ agogo pápá ọkọ̀."

"Ponta Delgada."

Hermínio ń gbọ́ tó ń da kọfí sínú ife.

"Búrẹ́dì yẹn tutù lóòótọ́," ni Deolinda sọ. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Hermínio sọ fún un. Ó fẹ́ fo àwọn ibì kan, ṣùgbọ́n bó ṣe bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló tú jáde: ilé ìkàwé, ọjọ́ Ẹtì méjì, Zulmira, sílétì, aṣọ ìgbòkun. Deolinda ò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kí ló dé tó ò fi wá sọ́dọ̀ mi?" ni ó bi í. Kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Mi ò fẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́, Dona Deolinda. Ẹ má bínú. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Januário."

"Mo rántí. Lórí àga mi ni Januário jókòó sí, tó gbé tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì sókè, tó ń kà wọ́n bí ẹni tó ń ka owó, tí Filomena sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ni mo lè ṣe? Kí n fi aṣọ bo ojú Filomena? Jẹ́ kí n bi ẹ́ ní ìbéèrè kan. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti tà á fún ọkùnrin tó ń lọ rí ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ ò mọ̀. Mo ti tà á fún ìyàwó tí kò ní padà wá. Mo ti tà á fún ẹni tó sọ pé òun ń lọ sí ìsìnkú, tó sì jẹ́ pé àìsàn ló fẹ́ lọ tọ́jú. Àwọn wo nìyẹn?"

Hermínio rò ó. Ó tún un rò.

"Mi ò mọ̀ wọ́n," ni ó sọ.

"Ìwọ náà ti wá rí i. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà lọ́dọ̀ mi, Hermínio. Ẹni tí kò bá fẹ́ àga mẹ́ta, ilé ìdáná mi ló ń jókòó sí."

Ọgbọ̀n ọdún ni Hermínio ti ń lọ síbẹ̀, kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà. Kò tíì ní ohun tó ń fi pa mọ́ rí ni.

"Ní sùúrù, kí n gbé gíláàsì mi wọ̀," ni Deolinda sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan. "Faial kún. Mo mọ̀ pé ó kún, èmi ni mo kó èèyàn kún un. Ṣùgbọ́n erékùṣù Pico ńkọ́? Ṣé o rántí Pico? Tó o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yín ní Horta, òkè rẹ̀ lò ń wò lójúkojú. Bó o bá bọ́ sílẹ̀ ní Pico, takisí á gbé ẹ dé èbúté, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé ẹ dé Horta láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà ò ní sọ ìyẹn fún ẹ. Faial lo bi wọ́n, Faial ni wọ́n á wá."

"Àyè wà nínú ti Pico?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀kan lọ́wọ́. Àwọn kan ni mo ra àyè fún lápapọ̀, ẹnì kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ rọ́ lórí àtẹ̀gùn ní Ọjọ́rú, kò lè lọ mọ́. Mo lè yí orúkọ padà títí di aago méjìlá tiyín. Aago mẹ́ta lọ̀sán lọkọ̀ ń gbéra." Ó dúró. "Mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ, o ò ní fẹ́ràn àwọn tó máa jókòó tì ẹ́."

Hermínio ti mọ̀ kó tó bi í. "Ẹgbẹ́ afunfèrè."

"Gbogbo wọn. Ponta Delgada ni wọ́n sùn lálẹ́ àná. Àyè Evaristo ni, tó ń fun fèrè ńlá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Filomena ni."

Hermínio wo ìlà àwọn tó ń lọ sí Faial, tó ti gùn dé ẹnu ọ̀nà. Ó ro ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ mẹ́ta ni sí i. Bó bá dúró, àṣírí rẹ̀ bò. Ó lè wá ilé ìtura kan, kó jẹun, kó sùn, kó dé Horta nígbà tó bá yá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àfi Zulmira tí yóò dúró ní pápá ọkọ̀ lónìí tí kò ní rí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ yí orúkọ náà padà," ni ó sọ.

"Kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà nínú páásì. Má fo ìkankan."

Lẹ́yìn ìyẹn ló pe Zulmira. Ó sọ ọ́ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Zulmira rẹ́rìn-ín bí agolo tó já lórí àjà, ó pẹ́ kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Ó tó àádọ́ta ọdún lé mẹ́rin tí mo ti rí ẹ kẹ́yìn," ni ó ní. "Wákàtí mẹ́fà ò lè pa mí. Èbúté ni n ó ti dúró dè ẹ́ nígbà náà. Ẹ̀wù wo lo wọ̀?"

"Funfun."

"Gbogbo wọn ló máa wọ funfun, ẹgbẹ́ afunfèrè ni wọ́n. Dé fìlà."

Ó ra fìlà ní pápá ọkọ̀, aláwọ̀ pupa, nítorí pé òun nìkan ló bá orí rẹ̀ mu.

Nígbà tó dé ẹnu ọkọ̀ Pico, èèyàn méjìdínlọ́gbọ̀n láti Fall River ló yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú àpótí fèrè lọ́wọ́. Filomena ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Hermínio, mo gbọ́ pé Evaristo rọ́ lẹ́sẹ̀. Mi ò gbọ́ pé ìwọ lo fẹ́ bá a fun fèrè."

"Mi ò mọ fèrè fun."

"Kí lo wá ń bá wa lọ ṣe?"

Hermínio jókòó, ó de bẹ́líìtì rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ló ti ń ronú irọ́ tó máa pa, ó sì ti rí méjì tó dára. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ìtìjú tó jẹ lówùúrọ̀ sì ti tó o fún ọjọ́ kan.

"Obìnrin kan ni mo ń lọ rí," ni ó sọ.

Filomena la ẹnu. Ogójì ọdún ló ti ń wá ọ̀rọ̀ kiri lọ́nà kọ̀rọ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀ rí pé kí oní-nǹkan fúnra rẹ̀ gbé e lé e lọ́wọ́ báyìí, kò sì mọ ibi tó máa ti dì í mú. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, ó rọra na malassada kan, àkàrà òyìnbó oníṣúgà, sí i nínú bébà.

"Ṣé èèyàn dáadáa ni?" ni ó bi í ní ohùn kékeré.

"Ó gbá mi ní sílétì lórí nígbà kan."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Filomena sọ, ó sì bá a gbọn ṣúgà kúrò lára ẹ̀wù funfun rẹ̀.

Wọ́n dé Pico, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, omi ń fọ́n sí wọn lára, Amâncio sì ń bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n má jẹ́ kí omi wọ fèrè. Hermínio dúró níwájú, ó di fìlà pupa mú. Èbúté Horta kún fọ́fọ́. Ó ń wá ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìlá tó ní irun dídì méjì, ó sì mọ̀ pé òmùgọ̀ ni òun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò mọ ohun mìíràn tó lè wá. Lẹ́yìn náà ló rí obìnrin kúkurú kan tó so gíláàsì mọ́ ọrùn, tó gun orí òkúta tí wọ́n ń so okùn ọkọ̀ mọ́ kó lè ríran dáadáa, tó ń fi àkísà aṣọ ìgbòkun juwọ́.

Ó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n dúró. Zulmira bọ́ fìlà kúrò lórí rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ó ṣì wà lóòótọ́," ni ó sọ.

Ìgbà náà ni ẹgbẹ́ afunfèrè bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fun. Amâncio ló gbọ́wọ́ sókè, àwọn tó kù sì bá a lọ, orin tí wọ́n fẹ́ fi yan wọ ìlú, láìsí fèrè ńlá nínú rẹ̀, ó ń dún bí ilé tí kò ní ìpìlẹ̀. Hermínio tó kórìíra ariwo dúró láàárín rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bíi fìlà, kò sì sá lọ síbì kankan.

Orin náà ò tíì parí tí fóònù rẹ̀ fi dún.

"Bàbá," ni Natália sọ, "Filomena fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Ta ni obìnrin tó di fìlà yín mú yìí?"

"Zulmira ni."

"Ṣé òun ló ń tọ́jú sàréè?"

Zulmira na ọwọ́, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ Hermínio. "Ọmọ mi, ẹ káàsán," ni ó ní. "A máa lọ wo sàréè náà lọ́la, mo ti ra òdòdó. Bàbá ẹ kò parọ́, ó kàn tò ó tẹ̀yìn síwájú ni." Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n dá fóònù padà fún Hermínio, Natália ti ń bèèrè iye tí wọ́n ń rán aṣọ ìbòrí fún àga ìta.

Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Horta. Nígbà tó padà dé Fall River, ilé ìdáná Deolinda ló kọ́kọ́ lọ, láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú odidi wàràkàṣì kan láti erékùṣù São Jorge. Deolinda gbà á, ó gé e, ó sì ní kó lọ jókòó sórí ọ̀kan nínú àga mẹ́ta níwájú, nítorí pé kò sí ohun tó kù tó fẹ́ fi pa mọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, Zulmira wá sí Amẹ́ríkà. Hermínio ti múra láti lọ bá Deolinda ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un, Zulmira sì ní òun ti rà á. Fóònù ló fi rà á, nígbà tó ń mu kọfí. Láti ọdún mẹ́wàá ló ti ń fi fóònù náà ra okùn àti aṣọ ìgbòkun láti Faransé, kò rí ohun tó ṣòro nínú tíkẹ́ẹ̀tì. Ó dé lọ́jọ́ tó sọ, ní wákàtí tó sọ, pẹ̀lú àpò méjì.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kẹfà, wọ́n sì ṣètò láti jọ padà lọ sí Horta ní oṣù kẹjọ. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ di ìjà àkọ́kọ́ láàárín wọn. Hermínio ní láyé òun, òun ò tún ní fi ọwọ́ ara òun ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Zulmira ní kí ló dé tí òun á fi lọ jókòó sórí àga ẹlòmíràn láti ra ohun tí òun lè rà nínú ilé ìdáná òun.

"Tó bá wá bàjẹ́ ńkọ́?" ni Hermínio bi í.

"N ó tún un ṣe."

"Ta lo máa pè?"

Zulmira rò ó. "Deolinda," ni ó gbà, "ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́."

Kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì. Olúkúlùkù ra tirẹ̀ bó ṣe mọ̀. Ọkọ̀ kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n Deolinda ti fi Hermínio sí ìlà kẹsàn-án nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, Zulmira sì ti gba fèrèsé ní ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n nítorí pé ó rí i pé owó ibẹ̀ dín. Ọkùnrin tó jókòó ti Zulmira ò gbà láti pààrọ̀. Ó ní òun ti bọ́ bàtà.

Nígbà tí wọ́n ti fò díẹ̀, Hermínio gé búrẹ́dì dídùn tí Natália dì fún wọn, ó fi ìdajì sínú bébà, ó sì bẹ obìnrin tó ń pín omi nínú ọkọ̀ kó bá òun gbé e lọ sẹ́yìn fún ìyàwó òun. Obìnrin náà gbé e lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà.

"Wọ́n ní ẹ ṣeun," ni ó sọ fún un. "Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá wo oòrùn bó bá ń yọ, ẹ̀gbẹ́ tiwọn ló máa gbà yọ."

Hermínio wo fèrèsé tirẹ̀. Ìyẹ́ ọkọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Kò dúró kí oòrùn yọ, ó tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sẹ́yìn láàárín àwọn tó ti sùn, ó ń ka ìlà lẹ́nu bí ẹni tó ń ka àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì.